Bàtà Tí Àgbàrá Gbé Wá

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú àìrí ara ẹni o. Òjò ti dá, ilé dákẹ́, kò sì sí ẹni tí mo lè rò ó fún bí kò ṣe ẹ̀yin. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé iṣẹ́ mi kúrò ní Ọ̀yọ́ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo ní ojúlùmọ̀ láti Takie títí dé Ọjà Igbó, àmọ́ n kò ní ẹni tí mo lè sọ̀rọ̀ dénú fún. Yàrá tí mo gbà wà ní ìsàlẹ̀ òkè, bíi ti ilé wa. Ó jọ pé ìsàlẹ̀ ni orí mi yàn.

Ṣé ẹ rántí àgbàrá ilé wa l'Ọ́yọ̀ọ́? Bí òjò bá ti ń rọ̀, àwọn ará òkè á da pàǹtí wọn sí i, a ó sì bá a lẹ́nu ọ̀nà wa. Màámi, kí Ọlọ́run forí jì wọ́n, a máa ṣépè. Ẹ̀yin kì í ṣépè. Ẹ ó tú pàǹtí náà wò, ẹ ó mú ife ọmọdé tàbí ẹsẹ̀ bàtà kan jáde, ẹ ó fọ̀ ọ́. Bí okùn bàtà bá já, ẹ ó fi abẹ́rẹ́ tí ẹ fi ń rán tìmùtìmù rán an, ẹ ó ní kí n mú un lọ sókè, kí n máa bèèrè olóhun láti ilé dé ilé. Ojú máa ń tì mí púpọ̀. Bí mo bá dé, ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ máa ń bi mí: "Ṣé wọ́n gbà á?" N kò bi yín rí ìdí tí ẹ fi ń ṣe é. Kí ló dé tí n kò bèèrè?

Nísinsìnyí, èmi ni mò ń bèèrè lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ní ọ̀sán Àlàmísì, mo máa ń ní kí kíláàsì karùn-ún pa ìwé dé, ká jọ ronú lórí ohun tí ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Fìlọ́sọ́fì ni àwọn alákọ̀wé ń pè é. Nígbà tí rédíò sọ pé àwọn kan kó pàǹtí olóró láti òkè òkun wá dà sí etí omi wa, mo bi wọ́n bóyá ó yẹ kí ẹni tí kò mọ̀ wá rí ro tiwa mọ́ tirẹ̀. Wọ́n bú òyìnbó títí. Ni Ràmátù, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, bá dìde. "Tíṣà, àwa náà ń da tiwa sí àgbàrá. A ò mọ ilé tó ń gbé e lọ." Mo mọ ilé náà, Bàbá.

Nígbà tí òjò tún rọ̀, Ràmátù kọ̀, kò da pàǹtí. Ìyá rẹ̀ wá fẹjọ́ sùn pé mò ń kọ́ ọmọ òun láti máa bá àgbà jiyàn. Ọ̀gá wa ní bí obìnrin náà bá tún padà wá, Àlàmísì mi ti parí nìyẹn. Ó dùn mí dé egungun. Èmi tí n kò bímọ, wákàtí yẹn nìkan ni mo fi ń rí ẹni bá ronú láàárín ọ̀sẹ̀.

Lónìí, àgbàrá gbé ẹsẹ̀ bàtà ọmọdé kan wá bá mi. Mo fọ̀ ọ́, mo fi abẹ́rẹ́ tí mo jogún lọ́wọ́ yín rán okùn rẹ̀. Ẹ̀yin ì bá fi ìránkúrán náà ṣe mí yẹ̀yẹ́. Kò sí ọmọ tí mo lè rán, mo bá mú un lọ fúnra mi, láti ilé dé ilé, ojú sì ń tì mí bíi ti ìgbà yẹn. Ẹni tó jáde sí mi nílé tó kẹ́yìn ni ìyá Ràmátù. Ó tún ìró ró, ó rò pé ìjà ni mo bá wá. Mo na bàtà sí i. Ó wò ó, ó wọlé, ó mú ẹsẹ̀ kejì rẹ̀ jáde.

"Ibo lẹ ti rí i, Tíṣà?"

"Ẹnu ọ̀nà mi ni àgbàrá gbé e wá."

Ó to bàtà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Àṣé ọ̀dọ̀ yín ló ń lọ. Ẹ má bínú. Ẹ máa bá wọn ṣe Àlàmísì yín lọ."

Mo sọ̀ kalẹ̀ padà wálé. Mo ṣílẹ̀kùn, mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí mo ṣe máa ń dúró, mò ń retí ìbéèrè yín. Kò sẹ́ni tó bèèrè.

Wọ́n gbà á, Bàbá.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ máa ń rán lọ sókè.