Ìwé Tó Pẹ́ Kó Tó Dé Tamale

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ bi mí nígbà kan, ní ọjọ́ Sátidé tí mo wá kí yín ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Tudu ní Accra níbí, pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe. Ẹ ń to ọṣẹ lọ́wọ́. Mo ní kí ẹ má ṣèyọnu, pé kò lè yé yín. Ẹ kò bínú. Ẹ kàn gbé ọṣẹ kan sí imú, ẹ gbóòórùn rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe, ẹ sì gbé e lé èkejì lórí. Láti ọjọ́ náà lẹ ti ń sọ fún àwọn ará ìsọ̀ pé ọmọ yín ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, èmi náà sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún kẹta rèé tí ẹ ti lọ, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Èmi tí mò ń ṣàlàyé fún àwọn ọ̀gá tí wọn kì í fetí sílẹ̀, kí ló dé tí n kò lè jókòó sórí àpótí kí n ṣàlàyé fún ìyá mi? Ẹ jẹ́ kí n ṣe é lónìí, nítorí ohun kan ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu èmi fúnra mi.

Ilé ìwòsàn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka mẹ́ta: ọ̀kan ní Accra níbí, ọ̀kan ní Kumasi, ọ̀kan ní Tamale. Gbogbo ohun tí dókítà bá rí lára aláìsàn, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀dà tirẹ̀, kí wọ́n lè rí i kà kódà bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá já. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí àwọn ẹ̀dà náà bára mu. Ohun tí wọ́n bá kọ ní Accra, kí ó dé Tamale kíákíá. Ṣùgbọ́n íńtánẹ́ẹ̀tì ti Tamale kò lágbára rárá. Ìwé tí ó yẹ kó dé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó lè lo ọjọ́ kan ààbọ̀ lójú ọ̀nà.

Hajara, nọ́ọ̀sì àgbà tó wà níbẹ̀, ló pè mí lórí rẹ̀. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù mélòó kan. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo sọ fún un pé a ó wò ó. Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí pé mo gbàgbé ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mò ń kọ̀wé sí. N kò gbàgbé. Mo ń sún un síwájú ni, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni tó ń pariwo lé mi lórí ní Accra.

Ìyá kan wà tó ń ta aṣọ òkìrìkà ní ọjà Kantamanto, Yorùbá bíi tiwa ni, Ìyá Sikirat ni wọ́n ń pè é. Eéwo kan yọ sí i lẹ́sẹ̀, ó sì wá sí ọ̀dọ̀ wa ní Accra. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ pẹnisílínì, ojú rẹ̀ sì wú. Wọ́n tètè fún un ní oògùn mìíràn, ó sì rọlẹ̀. Dókítà kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún obìnrin yìí ní abẹ́rẹ́ náà mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Tamale, nítorí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ibà kọlù ú lọ́nà. Nígbà tí Sikirat ọmọ rẹ̀ fi gbé e dé ilé ìwòsàn wa níbẹ̀ láàárọ̀, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Sikirat kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Accra. Hajara ṣí ìwé rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kò rí nǹkan kan nípa abẹ́rẹ́. Wọ́n tún gún un ní pẹnisílínì nítorí eéwo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀fun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pa. Wọ́n jà fún un títí ó fi padà mí. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ tẹlifóònù mi dún. Hajara kò bú mi. Ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ ga.

“Ìwé yẹn ti dé báyìí o,” ló wí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Màámi, ṣé ẹ mọ bí ara ṣe ń rí nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá bá èèyàn wí, tó sì jẹ́ pé èèyàn mọ̀ pé òun ló jẹ̀bi?

Ọ̀gá mi fẹ́ kí a ra íńtánẹ́ẹ̀tì tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń tà á ní àdúgbò ibẹ̀. Mo wá jókòó ti ohun tí a ní. Mo rí i pé bí wọ́n bá yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà nínú ìwé aláìsàn, odindi ìwé náà ni kọ̀ǹpútà wa ń tún fi ránṣẹ́, tòun ti fọ́tò egungun. Bó bá sì fi ọ̀kan ránṣẹ́, yóò dúró kí Tamale dáhùn pé ó ti dé kó tó fi òmíràn ránṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló tò sẹ́yìn ara wọn, ìwé ẹni tó wá gba gíláàsì ojú ń dí ti ẹni tó ń kú lọ lọ́nà.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí àwọn lẹ́tà tí ẹ máa ń ní kí n bá yín kọ sí Àǹtí Bísí àbúrò yín ní Tamale, tí a máa ń fún awakọ̀ ní Tudu. Mo tún rí yín: gèlè yín ti ṣí sẹ́yìn, rédíò ń sọ̀rọ̀, oníròyìn kí gbogbo ayé káàárọ̀, ẹ sì ń dá a lóhùn bí ẹni pé ó lè gbọ́. Ẹ ó bá àwọn alábàárù jà ní èdè Gã, ẹ ó sì yí sí mi ní Yorùbá. Ẹ ó kí Àǹtí, ẹ ó kí ọkọ rẹ̀, ẹ ó kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwé yóò sì kún kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ara Bàbá yín kò yá, awakọ̀ ti ń fọn fèrè, mo sì ṣì ń kọ ìkíni. Ẹ di ọwọ́ mi mú.

“Èyí tó lè bàjẹ́ bó bá pẹ́ ni kí o kọ́kọ́ kọ. Wọ́n á gba ìkíni lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Ohun tí mo ṣe náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó bá yí padà nìkan ló ń lọ báyìí. A ń di púpọ̀ pọ̀ sínú ẹrù kan, a ń fún un pọ̀ kó lè kéré, a kò sì dúró de ìdáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Ọ̀rọ̀ oògùn àti ti ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣíwájú. Fọ́tò ń dúró kí ọ̀nà tú. Lọ́jọ́ tí a dán an wò, mo kọ ọ̀rọ̀ kan ní Accra, mo pe Hajara, n kò tíì kí i tán tó fi ní ó ti dé. Ọ̀gá mi yìn mí lójú gbogbo èèyàn. N kò mọ ibi tí mo fẹ́ fi ojú sí.

Mo wá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Tamale. Hajara ló mú mi dé ilé Sikirat. Ìyá rẹ̀ jókòó síwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà, ọmọ tuntun sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un látìbẹ̀rẹ̀, pé wọ́n ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, pé mo mọ̀ pé ìwé ń pẹ́ kó tó dé, pé mo fi í sílẹ̀. Kò wò mí. Ó ń ṣa ẹ̀wà náà lọ, èmi sì wà lórí eékún mi.

“Ṣé ẹ ti tún un ṣe?”

“A ti tún un ṣe, mà.”

Ó gbọn àwo ẹ̀wà náà, ó fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù. Lẹ́yìn náà ló wò mí lójú fún ìgbà àkọ́kọ́.

“Mo bínú sí ọ o. Dìde nílẹ̀. Ṣé o ti jẹun láti àárọ̀?”

N kò tíì jẹun. Ó ní kí Sikirat bu túwó fún mi, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ẹní sílẹ̀ fún mi kí n jókòó. Mo jẹ òkèlè méjì, omi sì bọ́ lójú mi sínú ọbẹ̀. Kò bi mí léèrè ohun tó dé. Ta ló tún bi mí bóyá mo ti jẹun, Màámi, láti ìgbà tí ẹ ti lọ? Mo jẹ ẹ́ tán, mo fọ àwo náà, mo sì bá a ṣa ìyókù ẹ̀wà títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí àárò yín ń sọ lójoojúmọ́.