Bàbá Mi, Mo Fi Yín Ṣe Ọkọ ní Ọsibítù

Bàbá mi, onírédíò Òkè Àdó,

Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo ti fi yín ṣe ọkọ. Níbi wíńdò tí wọ́n ti ń gba orúkọ àwọn aláìsàn ní ọsibítù kan lọ́nà Ring Road ló ti ṣẹlẹ̀. Akọ̀wé ibẹ̀ bi mí ní orúkọ ọkọ mi, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Mo ti ro orúkọ kan láti ilé, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí pé bí wọ́n bá tún un bi tó bá yá, màá ti gbàgbé. Orúkọ ọkùnrin kan ṣoṣo tí kò lè fò lọ lórí mi ni tiyín. Bí mo ṣe di Misisi Jóṣúà nìyẹn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì pariwo rẹ̀, mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹ̀yin lẹ wọlé.

Kí ló dé tí mo fi ní láti purọ́? Ẹ ò mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe kí ẹ tó kú, àbí ẹ mọ̀? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń béèrè gbogbo nǹkan, ẹ ò bi mí rí pé kí ló gbé mi lọ sí Challenge. Bí mo bá mú bisikíìtì wá fún yín, ẹ ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò tí ẹ tú palẹ̀, ẹ ò ní jẹ ẹ́ lójú mi. Ó dà bíi pé ẹ ń fura. Nígbà tí a wà ní kékeré, kò sí oògùn tí ẹ fún wa tí ẹ kì í kọ́kọ́ tọ́ wò, bí ẹ bá sì ti ìlẹ̀kùn tán, ẹ ó tún padà lọ mì í. Ìfura loògùn àgbà, ẹ̀yin lẹ máa ń wí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo jogún nìyẹn, torí ẹ̀gbọ́n mi ló kó àwọn rédíò.

Iṣẹ́ mi rèé: hòtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́yìn gáréèjì Challenge ni mò ń gbé, àwọn ọkùnrin a máa wá bá mi sùn, wọn a sì sanwó. Mo ti sọ ọ́.

Inú rírun ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, nísàlẹ̀ ìdodo. Ọkùnrin kẹ́míìsì kan ní Òkè Àdó ta kápúsù aláwọ̀ méjì fún mi. Kò bi mí pé ibo ló ń dùn mí, ó kàn ń wo ètè mi tí mo kùn. Mo lò ó tán, ibà tún dé. Ni mo bá lọ sí ilé ìwòsàn kan, mo sì ṣe àṣìṣe ńlá: mo sọ òótọ́. Nọ́ọ̀sì tó dá mi lóhùn pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

“Ẹ wá o, ọmọ hòtẹ́ẹ̀lì ló wà níbí. Ó ní inú ń run òun.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àfi kí n mú ọkọ mi wá kí àwọn tó gún mi lábẹ́rẹ́, pé bí àwọn bá wo ẹnì kan tí wọ́n fi ìkejì sílẹ̀, àìsàn náà á tún padà. Mo ní mi ò lọ́kọ. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ó dáa, kó gbogbo wọn wá.” Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí wọ́n fi ti ìlẹ̀kùn ibẹ̀. Mo sunkún délé, Bàbá.

Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ aṣọ funfun, mò ń ṣọ́ ọ. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn kan gbé ọkọ̀ tó mọ́ rekete wá sí hòtẹ́ẹ̀lì wa, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wa nítorí àrùn tuntun tí rédíò ń pariwo, tí wọ́n ń pè ní éèdì. Wọ́n fún wa ní mílíìkì alágolo, láyé ọ̀wọ́n tí ètò SAP ìjọba mú wá yìí, tí mílíìkì ti di nǹkan ọlọ́lá. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá sọ ohun tí àwọn rí fún wa. Wọn ò padà. Kí ni wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ wa ṣe? Bí wọ́n bá rí nǹkan, ta ni wọ́n sọ fún? Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Rísì ló ní kí n lọ sí ti Ring Road. Ọ̀rẹ́ mi ni, yàrá wa kángun síra, ọmọ onílé ńlá kan nínú Ìbàdàn ni, àmọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ ti ṣẹ́ ẹ kanlẹ̀. Ó ní kí n wé gèlè, kí n má kun ètè, kí n bọ́ ṣéènì ẹsẹ̀ mi. “Sọ fún wọn pé ọkọ ẹ ti kú. Wọ́n máa ń ṣàánú opó.” Mo wo ojú rẹ̀ títí. Ó ti pẹ́ tí ojú rẹ̀ ti wà lára yàrá mi tó kọjú sí títì. Ṣùgbọ́n ìrora kò jẹ́ kí n rò ó jù, mo lọ.

Ó yà mí lẹ́nu. Bí mo ṣe ní Jóṣúà ti kú, nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan di ọwọ́ mi mú. “Pẹ̀lẹ́, ìyàwó wa. Olúwa á tù ọ́ nínú.” Ó bu omi fún mi mu. Ara kan náà ni mo gbé lọ síbi méjèèjì o, inú kan náà ló ń run. Mo bú sẹ́kún. Ó rò pé ọkọ ni mò ń sunkún, kò mọ̀ pé bàbá ni.

Síbẹ̀ mi ò fọkàn tán an. Kí ló dé tó fi ń rẹ́rìn-ín sí mi tó bẹ́ẹ̀? Kí ni òun àti dókítà ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn kọ́tìnì? Wọ́n dá mi dúró sí wọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Dókítà ní eéwo kan wà nínú mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọmọ, pé bí wọn ò bá tètè là á, ó lè bẹ́ sínú kó sì pa mí. Lọ́la ni wọ́n fẹ́ là á. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí èmi fúnra mi fọwọ́ sí i.

Nọ́ọ̀sì ní, “Wọn kì í gbà á lọ́wọ́ obìnrin níbí, ìyàwó wa. Bí ọkọ ò bá sí, bàbá ńkọ́?”

Kí n tó ronú, mo ti ní bàbá mi wà. Ẹ wo bí mo ṣe dà á rú. Bí mo bá pè yín ní ọkọ, ẹ ti kú. Bí mo bá pè yín ní bàbá, ẹ wà láàyè.

Ẹ̀gbọ́n mi ló yẹ kó wá. Ó wà ní Ṣakí, ó ti di díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi yín, ó sì gbà pé mò ń tẹ táípù ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀. Bó bá dé, á kọ́kọ́ bi dókítà pé kí ló fà á. Bó bá gbọ́ ohun tó fà á, bóyá ló máa fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹ̀yin ńkọ́? Bí wọ́n bá sọ gbogbo rẹ̀ fún yín, ṣé ẹ ó gba bírò lọ́wọ́ wọn? Mo ti ń bi yín láti àárọ̀. Mo fẹ́ gbà pé ẹ ó gbà á, àmọ́ kò dá mi lójú.

Rísì ti bá mi wá bàbá kan. Bàbá Mùtíù ni, òun ló ń pe èrò sínú ọkọ̀ Èkó ní gáréèjì. Ó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi lọ́sàn-án yìí, ó ti fọ fìlà rẹ̀.

“Ìbéèrè wọn lè pọ̀, ọmọ mi,” ló wí. “Níbo ni mo ti wá? Iṣẹ́ kí ni mò ń ṣe?”

Mo ní Ṣakí ni, mo ní ó máa ń tún rédíò ṣe. Mò ń wo ọwọ́ rẹ̀, mò ń ro ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Kò béèrè ohunkóhun, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù. Ó tún ní, “Oríkì wo ni mo fi máa ń pè ọ́? Bàbá tí kò bá mọ oríkì ọmọ ẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé ayédèrú ni.”

Mo ní Àbẹ̀kẹ́.

Irọ́ ni, ẹ kúkú mọ̀. Mo ti fún wọn ní orúkọ yín, ìlú yín, iṣẹ́ yín àti ikú yín. Oríkì tí ẹ fi máa ń jí mi láàárọ̀, mi ò fún ẹnikẹ́ni. Lọ́la, bí wọ́n bá ti fún mi ní oògùn oorun, Àbẹ̀kẹ́ ni Bàbá Mùtíù máa pè, màá sì mọ̀ pé alààyè ló ń pè mí. Bí mo bá gbọ́ èyí tó jẹ́ tèmi gan-an, ẹ̀yin lẹ ń pè mí láti ọ̀run. Mo fẹ́ràn yín, Bàbá, àárò yín sì ń sọ mí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí. Bí ẹ bá pè mí, mi ò ní dáhùn.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín, tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.