Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Tí Mo Fi Kí Ènìyàn Tán

Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara yín le? Mo kí Bọ̀dá Ṣínà lẹ́nu iṣẹ́ wọn n'Ìkòròdú, mo kí gbogbo ará Ejinrin. Mo ní kí ìwé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí síta, torí ọ̀pọ̀ ìyá l'Ẹ̀pẹ́ ní ọmọ tó ń múra àtilọ sókè òkun bíi tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Iṣẹ́ tí mo máa ń sọ pé kò jẹ́ kí n wá kí yín, irọ́ ni. Ọjọ́ tí mo dé Bẹ́ljíọ̀mù ni màdáámù tí mò ń bá tọ́jú ilé ti gba páásípọ́ọ̀tù mi, ó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ọdún kẹrin rèé. Òtútù ibí ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́run ló mú mi dé ẹgbẹ́ àwa òṣìṣẹ́ inú ilé. Lóṣù tó kọjá, ìjọba oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ àwa tá a filé sílẹ̀, wọ́n sì ní kí àwọn ẹgbẹ́ bíi tiwa wá sọ tẹnu wọn. Èmi ni ẹgbẹ́ wa yàn! Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ kí wọ́n kọ sínú ìwé wọn: kí ọ̀gá kankan má gba páásípọ́ọ̀tù òṣìṣẹ́ mọ́.

Màámi, mo rí àwọn àgbààgbà níjókòó, mo kúnlẹ̀. Mo kí alága, mo kí àwọn mínísítà, mo kí wọn kú ìrìnàjò, mo béèrè ìyàwó àti ọmọ. Kí n tó dórí ọ̀rọ̀, aago dún. Wọ́n ní àkókò mi ti tán. Ojú tì mí gan-an. Ta ló ń ka ìkíni mọ́ ọ̀rọ̀ ní Ejinrin?

Lúsì, ará Filipíìnì tó kàn láti sọ̀rọ̀, ló fà mí padà, ó ní òun fún mi ní ìṣẹ́jú tòun. Mi ò kí ẹnikẹ́ni mọ́. Mo pa òwe wa, mo sì túmọ̀ ẹ̀ fún wọn: "A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Àwa olórí rèé. Páásípọ́ọ̀tù mi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹlòmíì, ìyá mi sì ń dàgbà." Alága ní kí n tún un sọ, kí akọ̀wé lè rí i kọ. Wọ́n sì kọ ọ́! Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Ìmọ̀ràn ni o, kì í ṣòfin, ìjọba lè gbé e jù sẹ́yìn, torí náà ẹgbẹ́ wa ò ní sinmi.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwa méje nínú ẹgbẹ́ gbé ìwé náà lọ bá màdáámù. Ó kà á, ó tún un kà, ó lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rín ni mo sì ń rín bọ̀ lójú títì.

Ọlọ́run á dá yín sí, ẹ ó jèrè ọmọ. Ẹ bá mi kí ẹni tó bá béèrè mi. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀, ẹ má gbẹ́ja lọ s'Ẹ̀pẹ́ o. Ẹ dúró dè mí nílé.

Èmi ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀dé