Ìkòkò Tí Mo Pa Lẹ́nu Mọ́

Ọmọ mi obìnrin,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ibi ò ní wọlé tọ̀ yín. Èmi náà wà, orúnkún ń dùn mí, ẹnu ò dùn mí. Télọ̀ ìsàlẹ̀ ilé wa ló ń bá mi kọ èyí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má dáṣọ fún ọ̀rọ̀ mi, bó ṣe wà níhòòhò ni kó kọ ọ́.

Ìkòkò onírin tó o fi ránṣẹ́, tó o ní ó ń tètè se ẹ̀wà, dé. Ó ti bẹ́. Má tíì pariwo. Mo da omi àti ẹ̀wà sí i, mo dé e pa bó o ṣe wí, mo gbé e kaná. Nígbà tó yá, fìlà kékeré orí ọmọrí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ìkòkò sì ń súfèé. Ìwọ náà mọ ẹni tó máa ń súfèé nídìí ààrò nílé yìí. Látìgbà tá a ti sin ín, mi ò gba súfèé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwọ gan-an fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ nígbà tó o wá kẹ́yìn, mo ní kó o gbé ẹnu dákẹ́, o ò sì tíì wálé mọ́, ẹrù nìkan lò ń fi ránṣẹ́. Mo ní kí ìkòkò náà dákẹ́, kò gbọ́. Mo bá fi wáyà de fìlà ẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé òkúta lé e. Ó dákẹ́. Mo ní, o ti mọ ọ̀gá ẹ.

Iyọ̀ ni mo jáde lọ rà tó fi dún gbàù! Ọmọrí ti gba inú páànù òrùlé jáde, ẹ̀wà lẹ̀ mọ́ ògiri bí ọ̀dà. Télọ̀ sáré dé pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, ó ní ṣé mo ṣì wà láàyè. Mo ní ṣé òkú ló ń dá a lóhùn ni.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé omi lásán ni mo bù sí i. Omi inú garawa kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Wẹ́dà ajórin tó wá wo páànù ní omi tó bá gbóná a máa di oru, oru a sì máa fẹ́ àyè ju omi lọ, tí kò bá rọ́nà jáde, á máa ti ohun tó sé e mọ́ títí á fi já. Ó ní súfèé yẹn ni ìkòkò fi ń mí. Mi ò gbà. Mo bu omi sínú agolo, mo gbé e kaná níta, mo kàn gbé ọmọrí lé e lérí fẹ́rẹ́, mo jókòó tì í. Ọmọrí ń gbọ̀n, oru ń jáde, ìjà ò sí. Mo wò ó títí omi fi gbẹ. Ìwọ tó kàwé, ibo ni agbára yẹn ń sùn sí tí omi bá tutù?

Fi owó páànù ránṣẹ́. Ìkòkò mìíràn náà, èyí tó ń súfèé ni o. Má fi rán awakọ̀, ìwọ ni kó o gbé e wá, kó o sì mú ọ̀rọ̀ ìyá rẹ tí mo ní kó o gbé mì lọ́jọ́sí dání. Mà á jókòó, mà á gbọ́ ọ.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ohun tó ń hó nínú rẹ ṣaláìrọ́nà jáde.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.