Ìrẹsì Tó Ṣẹ́ Kù

Sátidé, 16 Fẹ́búárì 1985

Lọ́sàn-án, Màmá bu gàrí tí wọ́n gbé wá láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ fún mi. Ebi ń pa mí, mo jágbe mọ́ wọn: "Màmá, ṣé èyí lẹ fẹ́ kí n jẹ yó?"

"Da omi sí i ná." Wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n padà sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀.

Gàrí wú kún abọ́, n kò lè jẹ ẹ́ tán. Èmi, ọmọ Ìjẹ̀bú!

Nírọ̀lẹ́ mo ka àlọ́ kan nínú ìwé àlọ́ ilẹ̀ Laos. Ìyá àgbẹ̀ kan gbé ìrẹsì lọ bá a lóko nínú agbọ̀n kékeré. Àgbẹ̀ náà ní kò lè yó òun, ó fi ìbínú lu ìyá rẹ̀ pa. Ó jẹun yó, ìrẹsì ṣẹ́ kù.

Ẹni tó pa àlọ́ yìí mọṣẹ́! Kò wàásù rárá.

Àgbẹ̀ yẹn kò rí ìyá bẹ̀ mọ́. Àárọ̀ ọ̀la ni n ó lọ bẹ tèmi.