Mẹ́dà Tó Wà ní Àyà Ọ̀tún

Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú omi tó yí ilé ká. Mo kí bàbá wa, mo kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi lọ́kùnrin lóbìnrin. Mo kí Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n yín, lọ́tọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo ń bọ̀ wá sọ kàn án ju gbogbo wa lọ. Ara mi le. Òjò kò jẹ́ kí Bárígà gbẹ lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọmọ etí omi kì í bẹ̀rù ẹrẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n ka lẹ́tà yìí sókè ní ìpàdé ẹbí. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ẹ máa ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mo ń ṣe gan-an ní Ṣómólú. Ilé ìtẹ̀wé ni mo wà, ní àdúgbò tó jẹ́ pé ilé ìtẹ̀wé ló kún ibẹ̀, tí ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí a gbọ́ ara wa. Tèmi ni fọ́tò àtijọ́. Èyí tó ti ya, tó ti ṣá, èmi ni mo máa ń tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà kí a tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìsìnkú tàbí kàlẹ́ńdà. Ojú àwọn tó ti lọ ni mo ń wò lójoojúmọ́, mo sì mọ̀ wọ́n ju àwọn tí a jọ ń gbé ilé lọ. Tí mo bá ti ilẹ̀kùn yàrá mi lálẹ́, kò sí ẹni tó máa bèèrè bóyá mo ti jẹun. Ó máa ń dùn mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ń sanwó déédéé, ẹ má dààmú.

Fọ́tò bàbá yín tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi dé láyọ̀. Ẹ ní kí n sọ ọ́ di ńlá, kí n kọ “Sójà Bọ́mà” sí abẹ́ rẹ̀, kí a lè gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkúta tí wọ́n fẹ́ fín orúkọ àwọn bàbá wa sí. Mo rántí ìjà tó wáyé lórí òkúta yẹn. Ìyá Bọ́sẹ̀ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fín orúkọ bàbá tirẹ̀, Ọmọ́lẹyẹ, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá yín, sí i. Ẹbí ní rárá, pé ẹni tó bá àwọn apẹja lọ sí Gánà, tó fi oyún sílẹ̀ tí kò sì wẹ̀yìn wò, kò lè bá àwọn tó dúró ti ilé wà lójú kan. Ẹ̀yin náà sọ pé ogun gan-an ni bàbá yín lọ, ó sì padà, kí ló wá dá tirẹ̀ dúró sí ìdí ẹja?  Ìyá Bọ́sẹ̀ dìde, ó wọlé.

Nígbà tí mo gbé fọ́tò náà sórí kọ̀ǹpútà, mo rí i pé apá ọ̀tún àyà bàbá ni mẹ́dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Gbogbo sójà tí mo ti tún fọ́tò wọn ṣe, apá òsì ni tiwọn máa ń wà. Mo ní ẹni tó fọ fọ́tò yìí láyé ọjọ́un ló gbé fíìmù sódì, irú ẹ̀ kì í ṣe tuntun nínú iṣẹ́ wa. Mo yí i padà, mẹ́dà bọ́ sí òsì, inú mi dùn. Mo tẹ ẹyọ kan jáde, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Àfi bí sójà àgbà kan láti àdúgbò Pédrò, tó ti fẹ̀yìn tì, ṣe wọlé wá gba ìwé ìrántí ìyàwó rẹ̀. Ó wo ògiri, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé ta ló wọ ẹ̀wù obìnrin fún bàbá yìí. Ó ní kí n wo bọ́tìnnì, pé ti ọkùnrin máa ń wà ní apá ọ̀tún ẹni tó wọ̀ ọ́, ihò rẹ̀ ní apá òsì. Mo wo ẹ̀wù ọrùn tirẹ̀, òótọ́ ni. Fọ́tò náà dára kí n tó fọwọ́ kàn án; èmi ni mo sọ bàbá àgbà di obìnrin. Mo dá a padà sí bó ṣe wà, mo fi hàn án, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ó fara balẹ̀ wò ó. Ó ní káàkì yìí kì í ṣe ti sójà, pé kò sí ìlà oyè lápá, kò sí àmì ẹgbẹ́ ogun léjìká, pé irú rẹ̀ ni àwọn tíṣà ń wọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ó ní mẹ́dà yẹn, ojúlówó ni. Àwọn tó lọ sógun àgbáyé kejì ni wọ́n ń fún ní èyí tó ní igun mẹ́fà bí ìràwọ̀. Ó wá ní kò sí sójà tó máa fi mẹ́dà ara rẹ̀ sí ọ̀tún. Ẹbí ló máa ń fi í síbẹ̀, tí ẹni tó ni ín bá ti bógun lọ.

Inú bí mi sí i. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún un pé kó gba ìwé rẹ̀ kó máa lọ. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀, nígbà tó di Sọ́ńdè, mo lọ bá Màmá Bárígà, àbúrò bàbá yín obìnrin, òun nìkan ló ṣẹ́kù nínú àwọn ọmọ ìyá wọn. Mo bá a níbi tó ti ń yan ẹja létí ọ̀sà. Mo fi fọ́tò hàn án, mi ò tíì sọ nǹkan kan. Ó ní mẹ́dà Ọmọ́lẹyẹ nìyẹn, ṣé ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni?

Ìyá mi, Ọmọ́lẹyẹ ni sójà. Èkó ló ti wọṣẹ́ ológun, kò sì fẹ́ kí ìyá wọn mọ̀, ló bá ní kí wọ́n sọ pé Gánà ni òun lọ. Bọ́mà ló kú sí. Nígbà tí ìròyìn dé, ìyá wọn ń ṣòjòjò, àwọn àgbà sì ní a kì í túfọ̀ ọmọ fún abiyamọ. Wọ́n ní kí Gánà ṣì máa jẹ́ Gánà. Ìyàwó rẹ̀ gan-an, wọn ò sọ fún un, torí opó kò lè fi ẹkún pamọ́. Ìyá arúgbó yẹn pẹ́ láyé, ó ń retí ọkọ̀ ojú omi títí ó fi kú. Nígbà náà, irọ́ ti di ìtàn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ń tán lọ, àwọn tó kù sì rò pé ẹlòmíràn á ti sọ ọ́. Màmá Bárígà náà rò bẹ́ẹ̀. Ó ní bàbá yín nìkan ló máa ń wọ káàkì rẹ̀ lọ́dọọdún, á fi mẹ́dà sáyà, á lọ síbi tí wọ́n ti ń rántí àwọn tó kú sójú ogun. Àwọn ará ìlú rí i, wọ́n ń kí i ní sójà. Kò jẹ́ wọn lóhùn.

Ẹ máa ń sọ fún wa pé bàbá kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ogun, pé ohun tójú rẹ̀ rí ló pa á lẹ́nu mọ́. Kò rógun rárá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló pàdánù. Mo mọ̀ pé yóò dùn yín, torí ọmọ sójà ni wọ́n ń pè yín láti kékeré, èmi náà sì ti fi yangàn nílé ìwé. Mo sunkún nígbà tí mo délé. Ṣùgbọ́n bàbá yín kò tàn yín jẹ. Ojú gbogbo ayé ló ti fi mẹ́dà sí ọ̀tún, àwa la ò mọ̀ ọ́n kà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ẹni tó ń fín òkúta náà dúró de orúkọ Ọmọ́lẹyẹ. Fọ́tò ńlá ń bọ̀. Ohun tí mo kọ sí abẹ́ rẹ̀ ni pé bàbá yín rèé, ó wọ mẹ́dà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọmọ́lẹyẹ, tó kú ní Bọ́mà.

Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣí àpótí tí ẹ tọ́jú mẹ́dà wọ̀nyẹn sí, ẹ kó wọn, ẹ wọlé tọ Ìyá Bọ́sẹ̀ lọ. Ẹ jókòó tì í. Ẹ túfọ̀ bàbá rẹ̀ fún un bó ṣe yẹ kí a túfọ̀ fún ọmọ, kí ó mọ̀ pé kò sá fi òun sílẹ̀. Yóò sunkún. Ẹ jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn, ó ti pẹ́ tí a ti jẹ ẹ́ ní gbèsè ẹkún yẹn.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa. Omi kò ní gbé ẹnikẹ́ni wa lọ, ọ̀nà jíjìn kò ní sọ wá di àjèjì sí ara wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Ẹ bá mi kí Ìyá Bọ́sẹ̀, ọmọ sójà.

Èmi ni ọmọ yín,
Táyọ̀