Ebi Ló Bá Mi Bẹ Ìyá Ọkọ Mi

Ṣọ́ọ̀bù Túnmiṣe Aránṣọ,
Ọjà Ọba,
Àkúrẹ́.

Sherifat, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo gbà á ládùúrà pé ara líle ni lẹ́tà yìí yóò bá ọ ní Ìlọrin, ìwọ àti Mùstàfá ọkọ rẹ, àti ọmọ tuntun tí ẹ gbé sọ́wọ́. Ṣé ọmú ń wá dáadáa? Ṣé Mùstàfá ń gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ kí o lè rí oorun sùn? Ní tèmi, mo wà láàyè, ara mi le, inú mi sì dùn débi pé bí mo bá ń rán aṣọ, ẹsẹ̀ mi a máa jó lórí ẹ̀rọ. Mo ti fẹ́ sọ ìròyìn yìí fún ọ lórí fóònù, ṣùgbọ́n bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín ni, títí owó inú fóònù yóò fi tán. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀.

O rántí pé nígbà tí o fi Àkúrẹ́ sílẹ̀, Akínlolú ará Oǹdó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ni, tó ń gbé ṣòkòtò tí kò ya wá pé kí n bá òun rán an. Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ṣòkòtò o. A ti ṣèlérí fún ara wa. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ya wá ní fọ́tò níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo wo fọ́tò náà, mo ní, “Ta ni ìyá tó sanra báyìí, tó dúró ti Akínlolú mi?” Àṣé èmi ni! Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dáyẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Arábìnrin kan lórí ẹ̀rọ ayélujára ló ń kọ́ wa. Kò sí iyán, kò sí ẹ̀bà, kò sí ìrẹsì, kò sí búrẹ́dì. Kùkúńbà ni, àti ẹyin sísè, ẹ̀fọ́ tí kò ní epo, pẹ̀lú tíì tí kò mọ ṣúgà. Sherifat, mo ń jẹ kùkúńbà bí ẹran ọ̀sìn. Mo rù lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ń bínú sí gbogbo ayé. Oníbàárà tó bá ní kí n bá òun dín ọwọ́ aṣọ kù, bí ẹni pé ó bú bàbá mi ni.

Àárín kùkúńbà yìí ni Akínlolú mú mi lọ sí Oǹdó láti lọ kí ìyá rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Opó ni Màmá, àwọn nìkan ló sì ń gbé inú ilé tí bàbá Akínlolú kọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ pé mò ń bọ̀, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gún iyán, wọ́n se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, wọ́n fi ìgbín ńláńlá sí i. Òórùn rẹ̀ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ ṣeun, mà, mo ti yó.” Ṣé láti Àkúrẹ́ ni mo ti yó wá ni? Màmá rọ̀ mí títí, mo ní rárá. Èyí tó wá burú jù ni pé nígbà tí ebi fẹ́ pa mí, mo yọ kùkúńbà jáde nínú báàgì, mo dúró ní kọ̀rọ̀ ilé onílé, mò ń jẹ ẹ́. Màmá jáde, wọ́n bá mi níbẹ̀. Wọ́n wo kùkúńbà, wọ́n wò mí, wọ́n sì wọlé.

Ìwọ náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nílẹ̀ wa. Ẹni tó kọ oúnjẹ ìyá ọkọ, tó tún gbé tirẹ̀ sínú báàgì wá, ohun tó ń sọ ni pé májèlé wà nínú ìkòkò wọn. Bí Màmá ṣe gbà á nìyẹn. Wọ́n sọ fún Akínlolú pé, “Àjẹ́ ni ọmọbìnrin yẹn pè mí. Ẹni tí kò lè jẹ oúnjẹ mi kò lè jẹ́ ìyàwó ọmọ mi.” Akínlolú ṣàlàyé títí pé dáyẹ́ẹ̀tì ni. Màmá ní irú àìsàn wo nìyẹn. Wọ́n ní àwọn kò ní bá a lọ tọrọ mi, àfi bó bá fẹ́ dá nìkan lọ bí ọmọ òrukàn. Akínlolú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá tó bí i, èmi náà kò sì ní fẹ́ ẹ bó bá ṣe é. Mo sunkún, Sherifat. Mo sunkún débi pé omijé mi ba léèsì oníléèsì jẹ́.

Ọjọ́ yẹn ni mo kó kùkúńbà tó kù fún ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé wa, mo ní dáyẹ́ẹ̀tì parí, mo padà sí oúnjẹ bí àwọn èèyàn yòókù. Hẹn-ẹn! Ìgbà náà ni ebi tó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ebi tí èmi àti ìwọ mọ̀ o. Mà á jẹ ẹ̀wà àti dòdò láàárọ̀, ikùn mi á kún dẹ́múdẹ́mú, ṣùgbọ́n kí n tó rán ẹ̀gbẹ́ aṣọ kan tán, ebi ti dé. Mà á jẹ bọ́ọ̀lì, ebi. Mà á mu gààrí, ebi. O mọ̀ pé bí a bá ń jẹun tí ẹnìkan wọlé, a máa ń pè é pé kó wá jẹun, òun náà á dáhùn pé “Á gba ibi ire o,” á sì bá tirẹ̀ lọ. Èmi, bí wọ́n bá ti pè mí, mà á fa àga. Àlájà Màríámù, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kọ́kọ́ rò pé eré ni. Nígbà tí mo bá wọn jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wọn tán pátápátá, wọ́n ní, “Ọmọ yìí, ẹnu lásán ni mo fi pè ọ́ o!” Láti ìgbà náà, bí oúnjẹ wọn bá ti dé, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé aràn ni, tàbí pé ẹnìkan ló fi nǹkan ṣe mí. Mo bi Àánú, oníbàárà mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ara rẹ kò mọ̀ pé nítorí fọ́tò ni. Ó rò pé ìyàn mú ni. Ní báyìí tí oúnjẹ dé, ó ń kó o jọ kí ìyàn mìíràn tó bẹ̀rẹ̀. Máa jẹun lásìkò, jẹ ẹ̀wà, jẹ ẹyin, jẹ ẹ̀fọ́, má sì fi ebi jẹ ara rẹ níyà mọ́. Bó bá gbà gbọ́ pé oúnjẹ kò ní sá lọ, yóò farabalẹ̀.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ọjọ́ náà ni mo dárí ji ikùn mi.

Bí ebi ṣe wà lọ́rùn mi nìyí nígbà tí Akínlolú ní ká lọ bẹ Màmá. Mo ti kọ́ ẹ̀bẹ̀ náà sórí: bí mo ṣe máa kúnlẹ̀, ibi tí mo ti máa sunkún díẹ̀, ibi tí mo ti máa dárúkọ Ọlọ́run. Mo jẹun kúrò nílé o! Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Oǹdó kò tètè kún, a pẹ́ ní gáréèjì, nígbà tí a sì fi débẹ̀, inú mi ti ń sọ̀rọ̀ sókè.

A bá Màmá nínú pálọ̀, iyán wà níwájú wọn. Wọn kò se oúnjẹ kankan dè wá, torí wọ́n ti búra pé àwọn kò ní gbé oúnjẹ síwájú mi mọ́ láéláé. Wọn kò wojú mi. Ṣùgbọ́n ìbínú kì í mú kí àgbà gbàgbé ìwà. Wọ́n dá wa lóhùn ṣókí, wọ́n wá sọ ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ: “Mò ń jẹun o. Ẹ wá jẹun.” Akínlolú ní, “Á gba ibi ire o, Màmá.” Ó yíjú sí mi kí n sọ tèmi. Ọwọ́ mi ti wà nínú abọ́ omi.

Mi ò mọ ìgbà tí mo jókòó, Sherifat, kí abẹ́rẹ́ gún mi bí mo bá purọ́. Ó kàn di pé òkèlè wà lẹ́nu mi. Akínlolú ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí, mi ò dá a lóhùn. Ọwọ́ Màmá dúró lójú kan, wọ́n ń wò mí bí ẹni tí adìẹ bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó ṣe, wọ́n bu òkèlè tiwọn. Mo bu tèmi. Inú àwo kan náà ni a jọ ń bọwọ́ sí. Nígbà tó ku ẹran, mo fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ebi ọ̀hún kò tíì lágbára ju ẹ̀kọ́ ilé lọ, ọmọdé kì í ṣáájú àgbà mú ẹran. Màmá ní, “Ẹ̀rù ò wá bà ọ́ pé mo fi nǹkan sí i?” Kí n tó rántí ẹ̀bẹ̀ tí mo kọ́ sórí, ẹnu mi ti yára: “Màmá, bó bá jẹ́ pé ẹ fi nǹkan sí i, nǹkan ọ̀hún dùn o.”

Yéè! Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́, tí mo ń wá omi fún wọn. Wọ́n fa ẹran náà ya, wọ́n gbé èyí tó tóbi síwájú mi. Mo wá kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì, mo sọ ti fọ́tò, mo sọ ti kùkúńbà. Wọ́n ní, “Ṣé ààwẹ̀ ni?” Mo ní, “Ààwẹ̀ tí kò ní àdúrà nínú ni, mà.” Wọ́n ní irú ààwẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ilé àwọn mọ́.

Mo rò pé ẹ̀rín ló yọ́ Màmá nínú. Kì í ṣe ẹ̀rín. Nígbà tí mo ń fọ àwo ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n wá dúró tì mí, ohùn wọn ti rọlẹ̀. Wọ́n ní, “Láti ìgbà tí bàbá Akínlolú ti kú, gbogbo ẹni tó bá wọlé ni mò ń pè wá jẹun. Aládùúgbò, ará ṣọ́ọ̀ṣì, Akínlolú pàápàá. Gbogbo wọn ló ń ní á gba ibi ire. Kò sẹ́ni tó jókòó rí. Ìwọ ló kọ́kọ́ jókòó.” Omi bọ́ lójú mi sínú omi ọṣẹ. Akínlolú gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà, kò lè gbójú sókè. Màmá wá fi èdè Oǹdó súre fún mi, mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo kàn ń ṣe àmín. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù yìí ni wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ mi lọ́wọ́ àwọn òbí mi. Wọn kò rán ẹnikẹ́ni o, àwọn fúnra wọn ló ń bọ̀.

Wá o, ọ̀rẹ́ mi, gbé ọmọ pọ̀n kí o máa bọ̀. Ọlọ́run Ọba yóò wo ọmọ náà dàgbà fún yín. Ọmú kò ní gbẹ láyà rẹ. Oúnjẹ kò ní wọ́n yín nílé, ẹni tí ẹ ó jọ máa jẹ ẹ́ kò sì ní wọ́n yín láéláé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ojú lásán,
Olúwatúnmiṣe.

Àfikún: Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Akínlolú ń wọkọ̀ lọ sí Oǹdó báyìí. Ó ní iṣẹ́ ló ń gbé òun lọ. Irọ́ ni o. Màmá sọ fún mi pé bó bá ti wọlé, kì í dúró kí àwọn pè é kó tó fọwọ́.